Ẹ̀kọ́ Tí Yóò Gba Accra Lọ́wọ́ Omi

Ní alẹ́ ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà, ọdún 2015, òjò ńlá rọ̀ ní Accra. Odò Odaw kún, omi bo àgbègbè Kwame Nkrumah Circle, iná sì sọ ní ilé epo tí àwọn ènìyàn sá sí nítorí òjò. Ẹ̀mí tí ó ṣòfò ju 150 lọ. Ẹni tí ó bá rántí Ògùnpa ní Ìbàdàn ní ọdún 1980 kò nílò àlàyé lórí irú ọ̀fọ̀ bẹ́ẹ̀.

Oṣù 7 péré ṣáájú ọjọ́ náà ni Ìjọba Ghana fi lélẹ̀ pé kí tọmọdé tàgbà máa jáde ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kọ̀ọ̀kan láti gbálẹ̀ àti láti kó gọ́tà. Ète rere ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kó gọ́tà ní Sátidé, tí ó sì da ìdọ̀tí ilé rẹ̀ sínú àgbàrá nígbà tí òjò rọ̀ ní ọjọ́ Túsìdé, ọwọ́ rẹ̀ ni ó ṣiṣẹ́, ọkàn rẹ̀ kò kọ́ ohunkóhun. Láti kékeré ni a ti ń pa ẹ̀ka ìrókò.

Ghana ti fi èyí hàn rí. Ẹyẹ òkun funfun kan wà tí àwọn Òyìnbó ń pè ní roseate tern. Ní ìgbà ooru, a máa yé, a sì máa pamọ ní àwọn erékùṣù Ireland àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí òtútù bá kù sí dẹ̀dẹ̀, a máa fò wá sí etíkun Ghana. Níbẹ̀ ni àwọn ọmọdékùnrin ti ń fi okùn pańpẹ́ àti ẹja kékeré mú un, fún eré àti fún jíjẹ. Ní ọdún 1985, Ìjọba Ghana àti àwọn olùdáàbòbò ẹyẹ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dáwọ́ lé iṣẹ́ àtigba àwọn ẹyẹ etíkun là. Kò sí ọlọ́pàá tí ó lè dúró sí gbogbo etíkun. Nítorí náà, wọ́n gba ilé-ìwé lọ, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀. Láti inú iṣẹ́ náà ni Ghana Wildlife Society ti jáde, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Accra. Lónìí, ẹyẹ tí ó ń pamọ ní erékùṣù Rockabill ní Ireland ju 1,500 tọkọtaya lọ. Òótọ́ ni pé wọ́n ń ṣọ́ erékùṣù náà tọ̀sán-tòru, ṣùgbọ́n kí ni èrè ìṣọ́ bí pańpẹ́ bá ń dúró de ẹyẹ ní òpin ìrìn àjò rẹ̀?

Ohun tí ó ṣeé ṣe fún ẹyẹ kò lè ṣòro fún gọ́tà. Àṣìṣe kan ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ mú kúrò. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, ọmọ tí ó bá pẹ́ dé ni wọ́n ń ní kí ó ṣa ìdọ̀tí. Kí ni ọmọ yóò fi èyí kọ́, bí kò ṣe pé ìyà ni ìmọ́tótó, àti pé ẹni tí kò ṣẹ̀ kò ní ohun tí ó kàn án? Ó sàn kí olùkọ́ kó gbogbo kíláàsì tọ gọ́tà ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé lọ títí dé Odò Odaw, àti láti ibẹ̀ dé ọ̀sà Korle, níbi tí omi ti ń wọ òkun. Kí wọ́n ka ọ̀rá omi mímu tí ó dí ojú ọ̀nà, kí wọ́n kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì tún padà lọ kà á ní oṣù kejì. Ọmọ tí ó bá ti fi ojú ara rẹ̀ rí ibi tí ọ̀rá ń lọ kò ní sọ ọ́ nù láìronú mọ́.

Àwọn kan yóò wí pé kì í ṣe ọmọdé ni ó kọ́lé sí ojú ọ̀nà omi. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, ẹ̀kọ́ kò sì gbọdọ̀ di àwáwí fún àwọn aláṣẹ. Bí Ìgbìmọ̀ Ìlú Accra kò bá kó ìdọ̀tí lásìkò, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbẹ́ ẹrẹ̀ inú Odaw, olùkọ́ yóò di onírọ́ lójú akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ béèrè ní ìpàdé àdúgbò yín bóyá ilé-ìwé tí ó wà níbẹ̀ ní ibi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí, àti bóyá olùkọ́ ní àkókò fún ẹ̀kọ́ yìí. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe rán ọmọ lọ da ìdọ̀tí sínú àgbàrá mọ́ bí òjò bá ṣú. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Accra ni ilé náà.