Ọ̀RỌ̀ ÌDÍLÉ: Kódù tí a kì í kà fún ẹnikẹ́ni



Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní í jẹ́ kí a sùn lóru. Olè kan wà láyé ìsinsìnyí tí kì í fọ́ ilẹ̀kùn. Inú tẹlifóònù ni ó ń gbà wọlé.

Ìyá kan wà ládùúgbò wa tí ń ta aṣọ. Òun náà ni ó ń gba owó àjọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹnì kan pè é, ó sì fi ọ̀wọ̀ kí i: «Ẹ kú ọjà o, Màmá. Mo ṣèèṣì fi kódù kan ránṣẹ́ sórí tẹlifóònù yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á.» Ìyá rí nọ́ńbà mẹ́fà lóòótọ́, ó sì kà á. Kò pẹ́ tí WhatsApp rẹ̀ kò ṣí mọ́. Olè ti gbé e sórí tẹlifóònù tirẹ̀, ó sì ń kọ̀wé sí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ àjọ lórúkọ ìyá pé ọmọ òun wà nílé ìwòsàn, kí wọ́n yá òun ní 20.000 fránkì.

Ojú ti ìyá yìí, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni fún ọjọ́ méjì. Láàárín ọjọ́ méjì yẹn ni ẹni mẹ́ta fi owó ránṣẹ́.

Kí ni kódù yìí? Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi nọ́ńbà yín ṣí WhatsApp sórí tẹlifóònù mìíràn, orí tẹlifóònù yín ni kódù ń wá, kí a lè mọ̀ bóyá ẹ̀yin gan-an ni. Kọ́kọ́rọ́ ilé yín ni.

Nítorí náà:

1. Ẹ má ka kódù fún ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ẹni tí ó ní ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ni òun ti ń pè. Bẹ́ẹ̀ náà ni kódù tí ẹ fi ń gba owó lórí tẹlifóònù.

2. WhatsApp gbà kí ẹ fi kódù kejì tì í, èyí tí ẹ̀yin fúnra yín yàn. Ọmọ yín lè fi ọ̀nà hàn yín, ṣùgbọ́n ọwọ́ ara yín ni kí ẹ fi tẹ̀ ẹ́.

3. Bí ọ̀rẹ́ bá kọ̀wé tọrọ owó, ẹ pè é lórí ìlà tẹlifóònù lásán, kí ẹ bi í ní ohun tí ẹ̀yin méjì nìkan mọ̀.

4. Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ tún fi nọ́ńbà yín wọlé. Kódù tuntun á wá, bí ẹ bá sì ti tẹ̀ ẹ́, olè á já síta. Bí ó bá ti fi kódù kejì tirẹ̀ tì í, ẹ óò dúró fún ọjọ́ 7 kí ẹ tó lè wọlé.

5. Ẹ kéde rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Òfin wà ní Bẹ̀nẹ̀ láti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018 tí ó ń fìyà jẹ irú olè bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, bí ìyá yín bá wá sọ irú èyí fún yín, ẹ má ṣe bú u, ẹ má sì fi í rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ẹ bá dójú tì lónìí kò ní í sọ fún yín lọ́la.

Ó di ìgbà mìíràn o.