Nígbà tí Ebi Epo bá ń pa Ẹ́ńjìnnì

Obìnrin oníṣòwò kan ládùúgbò wa, ní Adéwọlé ní Ìlọrin níhìn-ín, ní ọkọ̀ kan tí ń wúkọ́ bí arúgbó. Bí ó bá dúró, a máa gbọ̀n. Bí ó bá ń gun òkè, agbára rẹ̀ á tán. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ti pààrọ̀ plọ́ọ̀gì. Owó ọjà ni ń bá a lọ, ẹ̀yin òǹkàwé mi!

Afẹ́fẹ́ pọ̀, epo kéré: àìsàn rẹ̀ nìyẹn. Pẹtiróòlù ìwọ̀n kìlò kan ń fẹ́ afẹ́fẹ́ bíi kìlò 14.7. Bí afẹ́fẹ́ bá jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ọkọ̀ sì ń ru ẹrù wúwo, fáàfù lè jóná.

Rọ́bà afẹ́fẹ́ tí ó ya ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, kí ẹ dẹtí: ẹ lè gbọ́ ṣììì bí ìró ejò. Ẹ wọ́n omi díẹ̀ síbẹ̀. Bí ìró ẹ́ńjìnnì bá yí padà, ọwọ́ ti tẹ olè. Ẹ má fi pẹtiróòlù dán an wò o, nítorí iná! Rọ́bà tí kò gùn ju ìka mi lọ ni a rí lára ọkọ̀ obìnrin yẹn. Bí rọ́bà bá dára, ẹ yẹ asẹ́ epo wò.

Epo pàápàá lè jẹ̀bi. Ní oṣù kejì ọdún 2022, ìjọba kéde pé pẹtiróòlù tí mẹ́tánọ́ọ̀lù inú rẹ̀ pọ̀ jù ti wọ ìlú. Kìlò mẹ́tánọ́ọ̀lù kan kò fẹ́ ju afẹ́fẹ́ bíi kìlò 6.5 lọ, nítorí náà afẹ́fẹ́ tí ó tọ́ sí pẹtiróòlù pọ̀ jù fún un. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ tí ẹ ra epo ni ọkọ̀ yín bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ẹ jọ ra á.