Ẹ̀gbọ́n, Èló Lẹ Fẹ́ Tà Á?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ṣé èèyàn ò tún lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan l'Ékòó mọ́ kí wọ́n má béèrè iye tó fẹ́ tà á?

Àìlégùn ni mò ń gbé, lọ́nà Èjìgbò. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́, tí mo jẹun tán, màá gbé àpótí síta, màá mú ọ̀bẹ àti àjákù igi apá tí mo tọrọ lọ́wọ́ káfíńtà, màá sì máa gbẹ́ ṣíbí. Nígbà mìíràn, ó lè jẹ́ ọmọrogùn tàbí ìgbakọ. Àfipawọ́ lásán ni, kì í ṣe ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń kọjá tí kì í dúró: "Ẹ̀gbọ́n, èló lẹ fẹ́ tà á?" Bí mo bá ní mi ò tà á, ẹlòmíràn á wò mí bí ẹni tórí rẹ̀ kò pé. Ẹlòmíràn á ní, "Ṣebí ṣíbí kún ọjà Ọ̀ṣòdì fọ́fọ́?"

Mo mọ̀ pé ó kún un. Ta ló sọ fún wọn pé mi ò ní ṣíbí nílé?

Ẹ wò ó, tó bá di Sátidé, àwọn kan náà yìí á jókòó wákàtí méjì níwájú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á máa pariwo Arsenal, wọ́n á máa pariwo Chelsea. Èló ni Arsenal ń san fún wọn? Àwọn mìíràn á ta ayò láti ọ̀sán títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹnikẹ́ni ò ní bi wọ́n léèrè èrè. Gbígbẹ́ igi nìkan ló gbọ́dọ̀ mówó wá! Kí ló fà á? Èmi á sọ ọ́. A ti gbà lọ́kàn wa pé òṣì ló ń lé èèyàn dé ìdí iṣẹ́ ọwọ́. Nítorí náà, ẹni tí òṣì ò lé tó sì ń ṣe é, wèrè ni.

Irọ́ ni. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe iṣẹ́ òpè. Ìpele mẹ́rin ni àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa pín in sí. Ọnà lílé ni wọ́n fi ń gé ìrísí rẹ̀ jáde lára igi. Àlétúnlé ni wọ́n fi ń ya ẹ̀yà rẹ̀ sọ́tọ̀. Dídán ni wọ́n fi ń mú ara rẹ̀ jọ̀lọ̀. Fífín ni wọ́n sì fi ń bu ọnà sí i lára. Ṣíbí lásán tí ẹ rí yìí, bí o bá kánjú gbẹ́ inú rẹ̀ kí o tó mọ ibi tí ìlà igi dorí kọ, yóò là mọ́ ọ lọ́wọ́. Bí o bá ṣe sùúrù, tí o wá fi ewé ìpín ha á, ara rẹ á balẹ̀ ju ti ẹni tó sùn lọ.

Èyí tó dùn mí jù nìyí. Ọmọkùnrin kan ládùúgbò, ọmọ ọdún 11, ń wá jókòó tì mí ní Sátidé mẹ́ta léraléra. Ó gbẹ́ ọmọrogùn kan. Ọrùn rẹ̀ wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló gbẹ́ ẹ. Tayọ̀tayọ̀ ló gbé e lọ fún ìyá rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni bàbá rẹ̀ dá a padà fún mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Yunifásítì ni mo fẹ́ kọ́mọ mi lọ. Iṣẹ́ abọ̀rìṣà sì ni gbígbẹ́gi." Láti ìgbà yẹn, tí ọmọ náà bá ń kọjá lọ́dọ̀ mi, ilẹ̀ ló ń wò.

Àbúrò mi, gbọ́ èsì mi. Mùsùlùmí ni Làmídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, tó kú ní 2009. Ọ̀dọ̀ George Bándélé ló ti kọ́ṣẹ́, níbi iṣẹ́ tí àwọn fadá Kátólíìkì dá sílẹ̀ ní Ọyẹ́ Èkìtì ní 1947. Mùsùlùmí lọ́dọ̀ àwọn fadá! Àáké ò mọ ẹ̀sìn. Yunifásítì tí o sì ń pè yẹn, Yunifásítì Ifẹ̀ gba Fákẹ́yẹ yìí kan náà kó wá máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ní Fíńláńdì, láti 1866 ni iṣẹ́ ọwọ́ ti di dandan fún ọmọ ilé-ìwé. Wọn ò ní kí gbogbo wọn di káfíńtà; wọ́n fẹ́ kí ọwọ́ wọn gbọ́n bí orí wọn. Ní Wales láyé àtijọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin a máa gbẹ́ ṣíbí fún ọmọbìnrin tó wù ú. Ọ̀kan tó ní ọdún 1667 lára wà ní mùsíọ́mù St Fagans. Ta ló jẹ́ bi ọmọkùnrin yẹn pé èló?

Mi ò bú ẹni tó ń gbẹ́gi tà. Mo sì mọ̀ pé Èkó le, owó ilé ń gorí owó ilé. Ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn. Láti òwúrọ̀ la ti ń ta ara wa fún ọ̀gá àti oníbàárà, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ á sì gba èyí tó kù. Wákàtí kan péré tó jẹ́ tiwa, ṣé dandan ni ká gbé òun náà lọ sọ́jà?

Gbẹ́nàgbẹ́nà ti ṣe tirẹ̀, ó ku ti gbẹ́nugbẹ́nu. Àbúrò, ọmọrogùn ọmọ rẹ wà lára ògiri mi. Mi ò ní tà á. Jẹ́ kó wá mú un, kí ìyá rẹ̀ fi ro àmàlà.