Òfin Tí Àwọn Ọmọ Ń Kọ́, Ilẹ̀ Tí Àwọn Bàbá Ń Jà Sí



Ọdún 2006 ni a fi òfin dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, tí a sì pín in sí ìlú mẹ́fà: Òṣogbo, Ìkirè, Òkukù, Èjìgbò, Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà àti Ifẹ̀tẹ̀dó. Ifẹ̀tẹ̀dó, ìlú kékeré ní Gúúsù Ifẹ̀, ni ẹ̀kọ́ òfin bọ́ sí lọ́wọ́. Ọmọ Ìlobùú tàbí ọmọ Ìfọ́n-Ọ̀ṣun tí ó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ lọ́yà ní yunifásítì yìí, ibẹ̀ ni yóò kọrí sí.

Ìgbé ayé akẹ́kọ̀ọ́ òfin ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti fàájì. Ọdún márùn-ún ni yóò fi wọ funfun àti dúdú kí ó tó kọjá sí Ilé-ẹ̀kọ́ Òfin ti Nàìjíríà. Ọmọ ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ a máa gbé yàrá kan, wọn a da owó gaàrí pọ̀, wọn a sì dúró ní ìtò kan náà lẹ́yìn imáàmù. Ní ilé-ẹjọ́ àdánwò tí wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́, ọmọ Ìlobùú lè gbẹnu sọ fún olùpẹ̀jọ́, kí ọmọ Ìfọ́n gbẹnu sọ fún olùjẹ́jọ́. Bí àríyànjiyàn bá parí, wọn a jọ lọ jẹun.

Ṣùgbọ́n kí ni irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ń bá nílé? Ìlú méjèèjì fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́, ọjà àti àna sì so wọ́n pọ̀. Síbẹ̀ ìjà ilẹ̀ kò tán láàárín wọn. Ní ọdún 2025, ẹ̀mí ṣòfò, ilé jóná, títí ìjọba fi kéde òfin kónílé-ó-gbélé ní Ìfọ́n, Ìlobùú àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun. Nígbà tí bàbá kò bá lè dé oko, níbo ni owó ilé-ìwé yóò ti wá?

Bàbá tí ó san owó kí ọmọ rẹ̀ lè kọ́ òfin, tí ó tún dá owó ìbọn, ń fi ọwọ́ kan kọ́lé, ó ń fi èkejì wó o. Ara ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ ọmọ náà ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe adájọ́ ẹjọ́ ara rẹ̀. Yorùbá ti mọ èyí tipẹ́: a gbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, òṣìkà ènìyàn. Ànábì, kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a, pẹ̀lú pàṣẹ fún Aliyu pé kò gbọdọ̀ dájọ́ àfi bí ó bá gbọ́ tẹnu ẹnìkejì.

Àwọn kan yóò ní ilé-ẹjọ́ a máa pẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òkú kì í gba ilẹ̀ padà. Ẹ wo Firdaus Amasa, akẹ́kọ̀ọ́jáde òfin ní Yunifásítì Ìlọrin. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2017 ní Àbújá, nítorí pé ó kọ̀ láti ṣí híjáàbù rẹ̀, wọn kò jẹ́ kí ó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gba oyè lọ́yà. Kò sọ òkúta. Àròyé àti ẹ̀bẹ̀ ni òun àti àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ gbé lọ sí ibi tí ó tọ́. Ní oṣù Keje ọdún 2018, ó gba oyè náà tòun ti híjáàbù lórí.

Nítorí náà, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ìlú méjèèjì pàdé nígbà ìsinmi, kí wọ́n jọ máa túmọ̀ òfin ilẹ̀ sí Yorùbá ní mọ́ṣáláṣí àti ní ọjà. Kí àwọn imáàmù má ṣe gbàdúrà ìṣẹ́gun fún ẹni tí ó ń lọ dáná sun ilé ọmọlàkejì. Kí ìjọba pààlà tí yóò hàn sí gbogbo ojú, kí ó má sì fi ìdájọ́ falẹ̀. Suratul-Hujuraati pa á láṣẹ pé kí a fi ìdọ́gba tún àárín àwọn onígbàgbọ́ tí wọ́n ń jà ṣe.

Ìrẹ́pọ̀dùn ni orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ tí Ìlobùú jẹ́ olú-ìlú fún. Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí orúkọ náà ro àwọn ará ibẹ̀ àti àwọn aládùúgbò wọn. Àmín.