Bí Ìlù Bá Yí Padà, Ijó Á Yí Padà

Oníjó tó mọ iṣẹ́ kì í fi ẹsẹ̀ bàtá jó dùndún. Etí ló kọ́kọ́ ń lò kó tó gbé ẹsẹ̀. Ní Lake of the Ozarks, adágún omi kan ní ìpínlẹ̀ Missouri, Amẹ́ríkà, òjò ni onílù, apẹja sì ni oníjó. Ìsédò Bagnell tí wọ́n parí ní 1931 ló sé odò Osage di adágún yìí. Pèpéle tó léfòó, tí àwọn onílé ń so ọkọ̀ ojú omi wọn mọ́, ló kún etí rẹ̀. Abẹ́ wọn ni ẹja bass ń sá oòrùn sí, ibẹ̀ náà ló ti ń lúgọ de ẹja wẹ́wẹ́.

Bí omi bá mọ́ gaara, ojú ni bass fi ń ṣọdẹ. Ekòló onírọ́bà tínínrín, tí àwọ̀ rẹ̀ kò pariwo, tó ń rọra rì, ni ìdẹ tó yẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí òjò ńlá bá gbá ẹrẹ̀ wọ inú omi, ìlù ti yí nìyẹn. Ọ̀pọ̀ apẹja á ní ẹja kò jẹun lẹ́yìn òjò. Ijó àná ni wọ́n ń jó.

Bass ní ìlà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara tó fi ń mọ̀ bí omi bá gbọ̀n. Nínú ẹrẹ̀, ìlà yìí ló ń bá ojú ṣiṣẹ́. Spinnerbait ló bá a mu: waya tó gbé irin pẹlẹbẹ tó ń yí. Irin roboto ni kí apẹja mú, nítorí ó ń lu omi gidi. Èyí tó gùn bí ewé kàn ń kọ mànà ni, omi mímọ́ ló wà fún. Jig dúdú, ìwọ̀ tí orí rẹ̀ wúwo, náà dára. Ó jọ pé dúdú á sọnù nínú omi ẹlẹ́rẹ̀, àmọ́ òjìji rẹ̀ ló máa ń hàn sí ẹja tó ń wò ó látìsàlẹ̀.

Òwe ìlù àti ijó yìí kò ní kí oníjó kúrò lágbo. Bass kì í sábà fi pèpéle sílẹ̀ nítorí ẹrẹ̀. Ṣe ló tún ń lẹ̀ mọ́ òpó àti igun. Nítorí náà, ìdẹ gbọ́dọ̀ kọjá nítòsí ẹnu rẹ̀, kó sì rọra lọ. Pèpéle tí àgbàrá ń ṣàn wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló yẹ kí apẹja kọ́kọ́ dán wò, nítorí oúnjẹ ń bá àgbàrá wá.

Ìlù kì í dún bákan náà káàkiri adágún. Apá òkè ni ẹrẹ̀ sábà ń kọ́kọ́ dé. Lọ́jọ́ kan náà, omi ẹ̀gbẹ́ ìsédò lè mọ́ síbẹ̀, ekòló tínínrín àná sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.