Lórí Kẹ̀kẹ́ Lẹ́bàá Erédò Súngbọ́

Àwọn àgbà ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa tí a ti di òbí ni ó gba òwe yìí gbọ́, síbẹ̀, bí ìsinmi ilé-ìwé bá dé, ibi tí ẹ̀rọ amúlétutù bá wà nìkan ni a máa ń kó àwọn ọmọ lọ. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé sọ lọ́sẹ̀ yìí ni ọ̀nà mìíràn tí ìdílé lè gbà lo ọjọ́ méjì: kí bàbá, ìyá àti ọmọ gun kẹ̀kẹ́ ológeere lọ wo ohun tí àwọn baba ńlá wa fi ọwọ́ ara wọn gbẹ́.

Ní oṣù Kínní, èmi àti ọkọ mi, ọmọbìnrin wa tó jẹ́ ọmọ ọdún 13 àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 9, di kẹ̀kẹ́ mẹ́rin sẹ́yìn ọkọ̀, a sì gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú lọ. Erédò Súngbọ́ ni a fẹ́ rí.

Erédò kì í ṣe ahoro ààfin. Yàrà ni, tí a gbẹ́ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú-Òde àti ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn ká, tí a sì fi erùpẹ̀ inú rẹ̀ mọ odi sí etí rẹ̀ níhà inú. Gígùn rẹ̀ yípo tó nǹkan bí kìlómítà 160. Níbi tó jìn jù, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi tó mítà 20. Láti jẹ́ kí èyí yé àwọn ọmọ, ọkọ mi gbé kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ nàró lórí táyà ẹ̀yìn. Irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ 12 ni a ó tò léra kí a tó dé òkè. Bí ọmọdé bá sì ń gun kìlómítà 10 ní wákàtí kan, fún wákàtí mẹ́rin lójoojúmọ́, ọjọ́ mẹ́rin ni yóò fi yí i po.

Ta ló gbẹ́ ẹ? Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé obìnrin ọlọ́lá kan tí kò bímọ, Bílíkísù Súngbọ́, ló ní kí a gbẹ́ ẹ kí orúkọ òun má baà parun. Òkè-Eri, tí kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde, ni wọ́n ní a sin ín sí, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì sì ń ṣe àbẹ̀wò síbẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ní òun ni ayaba Ṣébà tó lọ kí Sólómọ́nì ọba, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ orí yàrà náà kò sún mọ́ ayé Sólómọ́nì rárá. Patrick Darling, awalẹ̀pìtàn láti Yunifásítì Bournemouth, tó wọn ibẹ̀ ní àwọn ọdún 1990, fojú bù ú pé ó ti tó ẹgbẹ̀rún ọdún, àti pé erùpẹ̀ tí a kó jáde tó mílíọ̀nù 3.5 kúbíìkì mítà, èyí tó ju ohun tí a fi kọ́ píránmíìdì ńlá ilẹ̀ Íjíbítì lọ. Kò sí katapílà nígbà náà. Ọkọ́, apẹ̀rẹ̀ àti èjìká ènìyàn ni.

Ìwúlò kẹ̀kẹ́ nìyí: ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ì bá já wa sí ojú kan, a ó ya fọ́tò, a ó sì padà. Kẹ̀kẹ́ mú wa tọ yàrà náà lẹ́sẹẹsẹ, ní ojú ọ̀nà oko àti ọ̀nà erùpẹ̀ pupa. Ní ibì kan, igi pa orí pọ̀ lókè wa, èéhù àti ewédò bo ògiri méjèèjì, ó tutù bí inú àmù. Nígbà tí a tún gùn díẹ̀ síwájú, ààtàn ni a bá nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni a dé ibi tí ọ̀nà ọlọ́dà là á sí méjì, àti ibi tí wọ́n ti dí i pa, tí wọ́n sì kọ́ ilé lé e. Ọmọ mi ọkùnrin ń bèèrè pé, "Mọ́mì, níbo ló wà mọ́?" Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi mọ̀ pé ó ti tán níbẹ̀.

Láti ọdún 1995 ni Nàìjíríà ti fi orúkọ Erédò sínú ìwé àwọn ibi tí ó fẹ́ kí UNESCO kà sí ogún gbogbo àgbáyé. Ṣùgbọ́n orúkọ inú ìwé kò dá típà dúró. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni èyí yé mi, nígbà tí a dé oko ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo ẹbí ń pè ní Bàbá Àgbà. Erédò gba ìkángun oko wọn kọjá, odi rẹ̀ níbẹ̀ kò tíì yingin.

Wọ́n kí wa kú ìrìn, wọ́n bu omi fún wa, wọ́n sì sọ fún wa pé ẹnì kan ti wá lẹ́ẹ̀mẹta láti ra erùpẹ̀ odi náà. Bí ó bá kó o tán, yóò dí yàrà, yóò sì gé ilẹ̀ náà sí púlọ́ọ̀tì. Ọmọ-ọmọ Bàbá kan, tí bàbá rẹ̀ ti kú, wà ní ọdún kejì ní yunifásítì. Wọ́n ti ta kòkó ọdún náà tán, owó ilé-ìwé rẹ̀ kò pé.

Ọmọbìnrin mi kúnlẹ̀. "Bàbá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tà á."

Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọmọ mi, ó rọrùn fún ẹni tí yóò gun kẹ̀kẹ́ padà sílé lọ́la láti sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mò ń bá a gbé."

Kò sí ẹni tó lè fèsì. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àwa ará ìlú ńlá a máa sunkún lórí ogún àwọn baba wa, bẹ́ẹ̀ ni àgbẹ̀ tí ogún náà wà lórí ilẹ̀ rẹ̀ ni a ń fi ìnáwó rẹ̀ sílẹ̀ fún. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo pe àwọn ọmọ bàbá mi lórí fóònù. Ọ̀kan ní kòtò lásán ni, kí Bàbá tà á. A fà á títí di aago mọ́kànlá kí a tó fi ẹnu kò pé àwa márùn-ún yóò máa pín owó ilé-ìwé ọmọ náà san títí yóò fi jáde.

Bí ẹ̀yin náà bá fẹ́ lọ, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló dára jù, nítorí òjò máa ń sọ etí yàrà di yíyọ̀. Ẹ gbéra ní ìdájí, ẹ yẹra fún òpópónà márosẹ̀, ẹ mú omi, pọ́ǹpù àti ohun tí a fi ń lẹ táyà dání. Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀ nítorí ejò. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ baálẹ̀ àti ẹni tó ni oko, ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ máa gun odi, torí ẹsẹ̀ ènìyàn a máa jẹ erùpẹ̀ bí ọ̀gbàrá. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ jókòó ti àwọn onílẹ̀, kí ẹ bèèrè bí ayé ṣe rí fún wọn.

A ti san ti ìlàjì ọdún àkọ́kọ́. Bàbá Àgbà ti dá oníyẹ̀pẹ̀ lóhùn pé òun kò tà mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo pè wọ́n láti dúpẹ́, wọ́n ní kí n má tíì yọ̀ jù: nọ́ńbà rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ àwọn.