Oògùn oko, ewé àti àtọ̀ ọkùnrin: ohun tó yẹ kí Ìgolo mọ̀

Láti oṣù kìíní ọdún 2025 ni ilé-iṣẹ́ NAFDAC ní Nàìjíríà ti fòfin de atrazine, oògùn apakoríko tí àwọn àgbẹ̀ máa ń fọ́n sí oko àgbàdo. Paraquat ti ṣáájú rẹ̀ lọ ní 2024. Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ Nàìjíríà nìkan nìyí o. Àwa ará Ìgolo, Ìdí-Ìrókò ló kọjú sí wa. Ọjà tí wọ́n bá lé lọ́hùn-ún, yóò wá ibòmíràn tí wọ́n ti lè rà á, ibodè wa ò sì jìnnà.

Kí ló kan ọmọ bíbí nínú ọ̀rọ̀ oògùn koríko? Ẹ jẹ́ ká wò ó.

Nínú ara ọkùnrin àti obìnrin, họ́mọ̀nù wà, tó dà bí oníṣẹ́ tí ń jíṣẹ́ láti ibì kan sí ibòmíràn nínú ara. Ti obìnrin tó gbajúmọ̀ jù ni ẹ́sítírójìn. Ọkùnrin náà ní díẹ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni. Àwọn oògùn oko kan, àwọn èròjà inú ike kan, àti àwọn ewé kan, ìrísí wọn jọ ẹ́sítírójìn tàbí kí wọ́n máa da iṣẹ́ rẹ̀ rú. Bí wọ́n bá wọ ara, ara á gbà wọ́n bí ẹni gba àlejò tó jọ ọmọ ilé. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ní ti atrazine, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Tyrone Hayes, fi hàn ní 2010 pé àwọn kan lára akọ ọ̀pọ̀lọ́ tó dàgbà nínú omi tí atrazine wà ń di abo. Ènìyàn kì í ṣe ọ̀pọ̀lọ́ lóòótọ́, ẹ̀rí lórí ọkùnrin ò sì tíì lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn oògùn mìíràn wà tí ẹ̀rí wọn ti jáde lára ènìyàn.

Àkọ́kọ́ ni chlordécone, tó ń ṣe bí ẹ́sítírójìn gan-an. Ní 1975, ó hàn síta pé àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é ní Hopewell, ní Amẹ́ríkà, ń gbọ̀n. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, àtọ̀ wọn ti lọ sílẹ̀. Wọ́n ti ilé-iṣẹ́ náà pa. Síbẹ̀, ní Guadeloupe àti Martinique, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà wà lábẹ́ ìjọba Faransé, wọ́n ń fọ́n ọn sí oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ títí di 1993. Lónìí, ó lé ní 90 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà ibẹ̀ tí oògùn yìí wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, àwọn olùwádìí sì ti so ó mọ́ jẹjẹrẹ próstéètì.

Ìkejì ni DBCP. Òun kì í ṣe bí ẹ́sítírójìn. Kóró ẹpọ̀n ló ń bà jẹ́ tààrà. Ní 1977, ní Lathrop, ní California, àwọn ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ ń sọ̀rọ̀ láàárín ara wọn, wọ́n wá rí i pé kò sẹ́ni tó ń bímọ mọ́ nínú wọn. Àyẹ̀wò fi hàn pé àtọ̀ ọ̀pọ̀ wọn ti ṣófo. Oògùn yìí dé ìtòsí wa náà: ní 2006, àwọn ará Côte d'Ivoire tí wọ́n wà ní oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó gbé ẹjọ́ lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n ní DBCP ló sọ àwọn di aláìlọ́mọ. Ní 2008, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá ẹjọ́ náà nù. Ẹ̀sùn ìpẹ̀yàrun ni wọ́n fi kan àwọn ilé-iṣẹ́ náà, wọn ò sì lè fi hàn pé àwọn yẹn mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ pa ìran wọn run. Ilé-ẹjọ́ ò sọ pé oògùn náà dára o.

Ó wá ku ewé àti oúnjẹ. Àwọn kan ń sọ pé wàrà sójà ń sọ ọkùnrin di obìnrin. Lóòótọ́, ohun tó jọ ẹ́sítírójìn wà nínú sójà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn olùwádìí kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ ní 2010, wọn ò rí i pé sójà ń dín họ́mọ̀nù ọkùnrin kù. Ẹ jẹ wàrà yín.

Ti òwú yàtọ̀. Gossypol wà nínú kóró òwú. Ní Ṣáínà, wọ́n rí i pé ní àwọn abúlé tí wọ́n ti ń fi òróró òwú tí wọn ò fọ̀ dáná, àwọn ọkùnrin ò bímọ mọ́. Wọ́n tilẹ̀ dán an wò bí oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí lára àwọn ọkùnrin tó lé ní 8,000. Àtọ̀ ṣófo, ti àwọn kan ò sì padà bọ̀ sípò mọ́. Òróró òwú tí ilé-iṣẹ́ fọ̀ dáadáa, wọ́n ti yọ gossypol kúrò nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n kàn fún lásán ni ká ṣọ́ra fún, nítorí orílẹ̀-èdè olówùú ni Bẹ̀nẹ̀ jẹ́. Kóró ìbẹ́pẹ náà, ní Íńdíà, àwọn èròjà tí wọ́n yọ nínú rẹ̀ mú kí àtọ̀ ọ̀bọ ṣófo, ó sì padà nígbà tí wọ́n dá a dúró. Ẹni tó ń wá ọmọ, kó bi alágbo léèrè ohun tó wà nínú ìgò.

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ìjà sójà là ń jà, oògùn oko ló wà lẹ́yìn ilé. À ń fi ọwọ́ lásán po oògùn, à ń fi ike rẹ̀ bu omi, à ń fi gálọ́ọ̀nù rẹ̀ ta epo pupa. Bí a bá fọ ike oògùn lẹ́ẹ̀mẹwàá, ike oògùn náà ni.

Ẹni tó ń jìyà rẹ̀ jù ni ìyàwó ilé. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2023 pé ẹnì kan nínú mẹ́fà ló máa ń ní ìṣòro àìríbí ní ayé rẹ̀. Ó tó ìdajì ibi tí èyí ti ṣẹlẹ̀ tí ọwọ́ ọkùnrin wà nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìletò wa, obìnrin là ń pè ní àgàn. Òun ló ń lọ láti ilé ìwòsàn dé ilé àdúrà, wọ́n á sì fẹ́ ìyàwó kejì lé e lórí. Ọkọ ò yẹ ara rẹ̀ wò, nítorí ó ní agbára òun pé. Agbára orí ẹní yàtọ̀ sí ọmọ inú àtọ̀. Ọkùnrin lè ní ti àkọ́kọ́, kó má ní ìkejì.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta la fẹ́. Àkọ́kọ́, bí ọdún kan bá kọjá tí oyún ò dé, kí tọkọtaya jọ lọ yẹ ara wọn wò, kí ọkọ ṣe spermogramme. Bí èsì ò bá dára, kó tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, nítorí ó ń tó oṣù méjì ààbọ̀ kí àtọ̀ tuntun tó gbó. Kí wọ́n yẹ àtọ̀sí wò pẹ̀lú, kí baálé fi sìgá sílẹ̀. Ìkejì, ẹni tó ń fọ́n oògùn, kó wọ ìbọ̀wọ́ àti aṣọ tó bo ara, kó gún ike rẹ̀ ní ihò lẹ́yìn lílò kí ẹnikẹ́ni má baà tún un lò. Ìkẹta, kí àwọn aláṣẹ kọ́múùnù Ìfọ̀nyìn àti àwọn aṣọ́bodè wo ohun tí wọ́n ń tà lọ́jà wa láti ìgbà tí Nàìjíríà ti lé atrazine, kí wọ́n sì fi èdè wa ṣàlàyé rẹ̀ fún àgbẹ̀. Ẹni tí ò lè ka Faransé tó wà lára ike, òun náà ní ọmọ tó fẹ́ bí.